Oníbàárà gbé àdírẹ́sì ímeèlì 40,000 wá, ó ní kí n fi ìpolówó ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn

Ọmọ_Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mò ń ṣe ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, Abẹ́òkúta níbí. Mo háyà àyè lórí sáfà kan (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì àti ímeèlì) lókè òkun, mo sì ń pín in fún àwọn oníbàárà mi: ilé-ìwé aládàáni méjì, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàrà, àwọn aládìrẹ mélòó kan ní Ìtòkú, àti bọ̀ọ̀dá kan tó ń ta ilẹ̀ lọ́nà Ọ̀bántokò. Sáfà kan ni gbogbo wọn jọ wà, IP kan náà (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá sáfà mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni lẹ́tà wọn ń gbà jáde.

Bọ̀ọ̀dá onílẹ̀ yìí ló wọlé wá pẹ̀lú fláàṣì. Ó ní àdírẹ́sì ímeèlì 40,000 ló wà nínú ẹ̀, pé òun rà á ni, "àwọn olówó Èkó àtàwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun" ni gbogbo wọn. Kí n bá òun fi ìpolówó ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Owó tó dá lé e kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín.

Mo ṣí fáìlì náà wò. Lójú ewé àkọ́kọ́ nìkan: info@, admin@, sales@ rẹpẹtẹ. Wọ́n kọ "gmial.com" sí ara ẹnì kan. Àdírẹ́sì iléeṣẹ́ kan tí mo mọ̀ pé ó ti kógbá sílé wà níbẹ̀ náà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mi ò fẹ́ kí oníbàárà yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní spammer, ẹni tó ń da ìpolówó sí àwọn tí kò béèrè fún un. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ìgbà_Ń_Lọ kọ:

Gba owó ẹ, jàre. Ta ni kì í rí spam? Ra dóméènì (orúkọ tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń jẹ́) olówó pọ́ọ́kú kan, háyà sáfà kékeré fún oṣù kan, tú gbogbo ẹ̀ síta lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ kó o ti pa sáfà náà rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ á pè, ẹni tí kò bá fẹ́ á gbójú kúrò. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá_Sáfà kọ:

@Ìgbà_Ń_Lọ, ó hàn gbangba pé o ò ṣe é rí. Àwọn sáfà olówó pọ́ọ́kú tó ò ń sọ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ti dí pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde, pa. DigitalOcean dí i. Amazon náà dí i, àfi kó o kọ̀wé tọrọ. Ká tiẹ̀ ní ó ṣí sílẹ̀: IP tí kò fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ rí, tó wá ṣàdédé ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún síta lóru ọjọ́ kan, ta ló máa gbà á wọlé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ ti wọ́ gan-an nìyí: kí ló wà nínú lẹ́tà náà? Líǹkì ni. Ibo ni líǹkì náà ń gbé èèyàn lọ? Dóméènì bọ̀ọ̀dá onílẹ̀ ni, èyí tó wà lórí sáfà àbúrò wa. Spamhaus, àjọ tí wọ́n ti ń ṣọ́ irú èyí láti 1998, tí àwọn iléeṣẹ́ ímeèlì sì ń wo lísìtì wọn kí wọ́n tó gba lẹ́tà wọlé, kì í ṣe IP nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n ní lísìtì kan tó ń jẹ́ DBL, dóméènì ló wà nínú ìyẹn, títí kan dóméènì tí wọ́n bá bá nínú ara lẹ́tà. Dóméènì àdàmọ̀dì tó o rà á kú, á sì fa ti gidi lọ.

Ọmọ Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ohun tó ń já ọ láyà yẹn, pańpẹ́ ni. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n ṣẹ̀dá àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni ò lò rí, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn ò lè rí i. Ẹ̀rọ tó ń ṣa ímeèlì kiri ló máa ń rí i. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ bá débẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé o ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan, torí kò sẹ́ni tó lè fún ọ láṣẹ. Àdírẹ́sì iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé náà lè di pańpẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ó máa dá lẹ́tà padà fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i padà láti wo àwọn tó ṣì ń kọ̀wé sí i. Dóméènì tí wọ́n ṣì kọ bíi "gmial" náà, wọ́n ń fi ṣọ́nà bákan náà. Ẹni tó ta lísìtì náà fún bọ̀ọ̀dá onílẹ̀ ò mọ èyí tó jẹ́ pańpẹ́ níbẹ̀. Ìwọ náà ò lè mọ̀ ọ́n.

Sáfà tí ẹ jọ wà yẹn, ilé face-me-I-face-you tó ní mítà kan ṣoṣo ni. Ẹnì kan ò san owó iná, wọ́n gé e fún gbogbo ilé. Bí wọ́n bá kọ IP yẹn sílẹ̀, lẹ́tà ilé-ìwé tó ń sọ fún òbí pé ọmọ wọn wọlé, ìdánilójú yàrá tí òtẹ́ẹ̀lì fi ránṣẹ́ sí àlejò, gbogbo ẹ̀ á máa padà pẹ̀lú 550, nọ́ńbà tó ń sọ pé wọ́n kọ lẹ́tà náà. Wọn ò sì ní pe bọ̀ọ̀dá onílẹ̀. Ìwọ ni wọ́n á máa pè.

Ìyá_Àdìrẹ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà o, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ìwé ńlá kan wà lórí káńtà mi. Ẹni tó bá ra aṣọ, pàápàá àwọn àlejò tó bá ti Olúmọ yà sí ọ̀dọ̀ wa, màá bi í léèrè pé ṣé kí n máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí i bí ẹlẹ́kọ tàbí oníko tuntun bá ti jáde. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ímeèlì ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ní rárá, a ti parí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Àwọn kan wà ní London tí wọ́n máa ń béèrè pé "Ìyá, kí ló dé tí toṣù yìí ò tíì wọlé?" Kí ni mo fẹ́ fi 40,000 ṣe?

Fóònù tèmi gan-an, àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ò jẹ́ kí n gbádùn rí, àfìgbà tí ọmọ yìí bá mi fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ohun tí mo sá fún, ṣé èmi náà á tún wá máa fi ṣe ẹlòmíì?

Ẹ̀dùn ọkàn kan ni mo ní. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti gba iléeṣẹ́ kan tó ń bá wa fi lẹ́tà oṣooṣù ránṣẹ́, rìsíìtì tí mò ń fi ránṣẹ́ láti ímeèlì ọjà fúnra ẹ̀ ti ń bọ́ sínú spam. Rìsíìtì lásán! Ṣé èmi náà ti di spammer ni?

Bàbá_Sáfà kọ:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ ò di nǹkan kan. Mo ti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, mo sì ti wo DNS yín, ibi tí wọ́n ń kọ ètò dóméènì sí kí gbogbo ayé lè rí i. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé (mo ti pààrọ̀ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ náà):

v=spf1 a mx include:spf.safa.example ~all
v=spf1 include:spf.ipolowo.example ~all

SPF ni ìwé tí dóméènì fi ń sọ fáyé pé "àwọn wọ̀nyí nìkan ni mo rán níṣẹ́." Ẹyọ kan ṣoṣo ni òfin gbà. Nígbà tí ọmọ yín so iléeṣẹ́ tuntun mọ́ ọn, ó lẹ ìlà kejì mọ́ àkọ́kọ́. Gmail wá bá ìwé méjì, ó sì ka méjèèjì sí àṣìṣe. Ẹ pa méjèèjì rẹ́, kí ẹ fi èyí rọ́pò wọn:

v=spf1 a mx include:spf.safa.example include:spf.ipolowo.example ~all

Kí ó má kàn máa kó include jọ ṣá o. Ibi tí wọ́n lè yà wádìí nínú DNS nítorí SPF kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ, a, mx àti include kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà. Ẹ sọ fún un kí ó gba kọ́kọ́rọ́ DKIM (èyí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí lẹ́tà kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé tiyín ni) lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjèèjì.

Agbẹjọ́rò_Ìbàrà kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi apá òfin kún un, torí mo rí i pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lókè bí ẹni pé kò sófin.

Òfin ààbò dátà (ìsọfúnni nípa èèyàn) ti Nàìjíríà wà, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Nínú òfin yẹn, bọ̀ọ̀dá onílẹ̀ ni olùdarí dátà, torí òun ló pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ èèyàn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a fi ránṣẹ́ ni aṣiṣẹ́-lórí-dátà, òfin sì ní ojúṣe tó gbé lé ẹ̀yin náà lórí. "Oníbàárà ló ní kí n ṣe é" kò gbà yín sílẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ lè yí ọkàn padà nígbàkígbà, yíyọwọ́ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rọrùn bí fífọwọ́ sí i ṣe rọrùn. Ẹni tó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi dátà òun polówó ọjà, dandan ni kí wọ́n jáwọ́.

Ti òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015, abala 32 dárúkọ spam, àmọ́ èyí tí èèyàn fi ń mọ̀ọ́mọ̀ dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ló ń bá wí. Mi ò ní fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ńkọ́? Yúróòpù ní GDPR, òfin ààbò dátà tiwọn, láti oṣù Karùn-ún 2018. Amẹ́ríkà ní òfin CAN-SPAM ti 2003, ìyẹn ò tiẹ̀ ní kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó kọ̀wé. Ohun tó béèrè ni pé kí ẹ má parọ́ nínú àkọlé, kí àdírẹ́sì gidi tí ìwé fi lè dé ọ̀dọ̀ yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì yọ ẹni tó bá ní kí ẹ yọ òun láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Ìgbà_Ń_Lọ kọ:

Ẹ rí i! Amẹ́ríkà gan-an ò ní kí a gbàṣẹ. Ẹ̀yin lẹ wá ń ṣe bí ẹni pé èèyàn jalè.

Àǹtí_Sapón kọ:

Àbúrò, Amẹ́ríkà ò ní inbox ẹnikẹ́ni, Google ló ni ín. Láti oṣù Kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti yí ọwọ́ padà. Ẹni tó bá ti fi lẹ́tà 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo Gmail láàárín ọjọ́ kan, olùránṣẹ́ ńlá nìyẹn lójú wọn, bó bá sì ti gba orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, kì í kúrò lára ẹ̀ mọ́. Pínpín in sí news.dóméènì àti promo.dóméènì ò ràn án, orí dóméènì àgbà ni wọ́n ń kà á sí. SPF, DKIM àti DMARC (èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege méjì àkọ́kọ́) di dandan. Microsoft náà gbé irú ẹ̀ jáde fún Outlook ní 2025.

Èyí tó ń já àwọn èèyàn láyà jù, tó sì yẹ kó já wọn láyà, ni ti ẹ̀sùn. Google ní àwọn tó bá tẹ "spam" kò gbọ́dọ̀ dé 0.3%. Ẹ ṣírò ẹ̀: nínú lẹ́tà 1,000 tó wọlé, ẹni mẹ́ta péré. Wọ́n tiẹ̀ ní ó sàn kó má dé ẹnì kan nínú 1,000. Ẹ wá fi ìpolówó ilẹ̀ Ọ̀bántokò ránṣẹ́ sí 40,000 èèyàn tí wọn ò mọ̀ yín rí, ẹni mélòó ni ẹ rò pé ó máa fi sùúrù wá ibi tí wọ́n ti ń yọ orúkọ?

Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, fún ilé-ìwé àti òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí.

Mi ò jẹ́ fi àkáǹtì ara mi bá ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. Oníbàárà á ṣí àkáǹtì tiẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Brevo, MailerLite, Amazon SES, èyí tó bá wù ú, pẹ̀lú dóméènì tiẹ̀ àti káàdì tiẹ̀. Èmi á wọlé bí òṣìṣẹ́. Tó bá bà á jẹ́, ilé ara ẹ̀ ló bà jẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣeré. Bí lẹ́tà tó padà bá dé 5%, Amazon á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ọ́ níwòkuwò. Tó bá dé 10%, wọ́n lè tì ọ́ pa. Lísìtì inú fláàṣì yẹn ò ní pẹ́ kó tó débẹ̀.

Kí n tó gba orúkọ kankan, màá bi í: ibo lo ti rí ẹni yìí? Nígbà wo? Kí lo sọ fún un pé o máa fi ránṣẹ́? Mo ní kí ó kọ ìdáhùn sórí bébà, kí ó fọwọ́ sí i. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rántí òótọ́ bí wọ́n bá ti mú bíírò. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, lẹ́tà kan péré ni mò ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: "Ṣé ìwọ lo forúkọ sílẹ̀? Tẹ ibí." Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní kọ̀wé sí i mọ́.

Yíyọ orúkọ wá ńkọ́? Ohun méjì yìí gbọ́dọ̀ wà lórí lẹ́tà, níbi tí ojú ò ti rí i:

List-Unsubscribe: <https://dóméènì-oníbàárà/yọ-mí/…>
List-Unsubscribe-Post: List-Unsubscribe=One-Click

Ìlà méjèèjì yẹn ló ń jẹ́ kí Gmail gbé bọ́tìnì tiẹ̀ sókè. Má jẹ́ kí ṣíṣí líǹkì nìkan yọ èèyàn kúrò o, torí ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì nínú lẹ́tà máa ń tẹ gbogbo líǹkì kó tó jẹ́ kí oníǹkan rí i. O máa rí i pé ó ti yọ gbogbo òṣìṣẹ́ báǹkì kan kúrò láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn mọ̀. Ọjọ́ méjì ni Google fún ọ láti yọ ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì náà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ òun, a kì í pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ pátápátá. A máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú lísìtì "má kọ̀wé sí" ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, wọ́n gbé fáìlì Excel àtijọ́ sókè, gbogbo àwọn tó ti bínú lọ tún jí dìde nínú lísìtì. Ẹ̀sùn tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọmọ_Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa sọ fún un tí kò fi ní bínú? Ẹni tó ti náwó lórí fláàṣì.

Àǹtí_Sapón kọ:

Má bá a sọ̀rọ̀ SPF rárá. Bi í pé àwọn tó ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Wàá gbọ́ "àbúrò ìyàwó mi ló mú un wá," "ó wá wo ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Àwọn tó ń wá wo ilẹ̀, ṣé wọn kì í kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀? Ìwé yẹn gan-an ni lísìtì ẹ̀.

Ọmọ_Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kọ:

Mo padà wá o. Mo pàdé ẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀ ní Panṣẹ́kẹ́. Ìwé yẹn wà lóòótọ́! Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, etí ẹ̀ ti ká: orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì, àti ibi tí wọ́n kọ "ó fẹ́ pílọ́ọ̀tì méjì, ó ń dúró de owó ẹgbẹ́." Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n. A ti ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹ̀, mo kọ lẹ́tà kúkúrú tó rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n wá wo ilẹ̀, tó sì béèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́ kí a máa kọ̀wé sí wọn. Àwọn kan ti dáhùn. Ẹnì kan ti ń ná ilẹ̀ nínú ímeèlì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fláàṣì ò tíì tán lọ́kàn ẹ̀. Ó ní kò burú, òun á wá ẹlòmíì tó máa bá òun fi ránṣẹ́ láti Èkó, nítorí náà kò kàn mí mọ́.

Bàbá_Sáfà kọ:

Ó kàn ọ́. Líǹkì inú lẹ́tà náà ni mo wí lókè. Spamhaus lè kọ IP sáfà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí spam ń polówó wà lórí ẹ̀ sílẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibòmíì ni lẹ́tà ti jáde. Kọ ọ́ sínú àdéhùn yín lónìí: bí wọ́n bá fi spam polówó dóméènì tó wà lọ́dọ̀ rẹ, láti ibikíbi, o ní ẹ̀tọ́ láti gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Kó tó fọwọ́ sí i, gbé e sórí sáfà tiẹ̀ pẹ̀lú IP tiẹ̀, kí ó san owó ẹ̀. Má fi í sáàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Agbẹjọ́rò_Ìbàrà kọ:

Ẹ fi gbólóhùn kan kún un: òun ló ń jẹ́rìí pé òun gbàṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú lísìtì òun. Fláàṣì náà, ẹ má ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, wọn ò lè bi yín léèrè ẹ̀.

Ìgbà_Ń_Lọ kọ:

Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo: mo rí i pé Mailchimp, iléeṣẹ́ tó ń bá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́, sọ fún mi pé ẹni tó pọ̀ ló ń ṣí lẹ́tà mi. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé wọ́n fẹ́ ẹ ni?

Àǹtí_Sapón kọ:

Kò fi hàn. Láti 2021 ni Apple ti ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Mail tiwọn gbé àwòrán inú lẹ́tà wálẹ̀ fúnra ẹ̀, yálà oníǹkan kà á ni o, kò kà á ni o. Iye tó tẹ líǹkì àti iye tó fèsì ni kó o máa wò.

Ọmọ_Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kọ:

Ó ti gbà láti lọ sórí sáfà tiẹ̀. Ó ráhùn lórí owó, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí ará Èkó yẹn.

Ìyá_Àdìrẹ kọ:

@Bàbá_Sáfà, ọmọ mi ti so ìlà méjèèjì pọ̀ bí ẹ ṣe wí. Mo fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Ìbàdàn láàárọ̀ yìí, ó ní inú inbox ló wà. DKIM yẹn ló kù, ọmọ yìí ní òun ò rí ibi tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣé ẹ lè ya ṣọ́ọ̀bù bí ẹ bá ń bọ̀ ní Kútọ̀? Màá san owó ọkọ̀, màá sì fi ẹlẹ́kọ ọ̀pá méjì kún un.

Bàbá_Sáfà kọ:

Ìyá wa, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ sọ fún un kí ó wá ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí ẹ ti ra dóméènì sílẹ̀ kí n tó dé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń há sí.